Orúkọ Ta ni Kí A Kọ sí Ẹ̀gbẹ́ Ọrẹ?

Nígbà tí a parí ìsìnkú ìyá àgbà wa ní Kétu, tí àwọn àlejò ti padà sílé, ẹbí jókòó láti wo ohun tí arúgbó náà fi sílẹ̀. Kò fi owó sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó retí owó. Ohun tí a bá nínú yàrá rẹ̀ ni aṣọ díẹ̀, àpótí onígi kan, àwo tánganran méje tí ó fi aṣọ wé lọ́kọ̀ọ̀kan, àti àmù ńlá kan tí ó ti wà ní igun ilé kí wọ́n tó bí mi. Bí a ṣe máa ń gbọ́ ọ láti kékeré, ẹ̀bùn ni àwọn àwo náà. Bàbá àgbà ni ó ń se oúnjẹ fún òyìnbó ìjọba kan ní Àjàṣẹ́ ní ayé àwọn Faransé. Nígbà tí ọ̀gá náà ń padà sí ìlú rẹ̀, ó kó àwo méjìlá fún un. Márùn-ún ti fọ́ láti ìgbà náà. Ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tó kù, wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ méjì síbẹ̀: Limoges, France.

Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Tàǹtí, dá a lábàá pé kí a má pín àwọn àwo náà, nítorí bí a bá pín wọn, wọn kò ní pé ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó parẹ́. Ó ní kí a kó wọn fún àwọn kan tí ń kó ohun àtijọ́ jọ, kí àwọn ọmọ ilé ìwé lè máa wò wọ́n. Ẹnu ẹbí kò lórí rẹ̀. Nígbà tí àwọn tí wọ́n rán wá dé, wọ́n fi ìdùnnú gba àwo. Wọ́n wo àmù, wọ́n ní a ṣeun, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà. Wọ́n wá ní kí èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ kọ ìwé pélébé kan tí wọn yóò fi sí ẹ̀gbẹ́ ọrẹ náà: ta ni ó fi tọrẹ, báwo ni ó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀, ta ni ó ṣe é.

Ìbéèrè mẹ́ta péré ni. Mo rò pé ìrọ̀lẹ́ kan yóò tó mi láti dáhùn wọn. Ó gbà mí ní oṣù mẹ́ta, mo sì fẹ́ gbé ohun tí mo bá pàdé lójú ọ̀nà síwájú ẹ̀yin òǹkàwé, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ju àwo méje lọ. Bí ohun tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ṣe bá di ti ẹnì kan, tí ẹni náà sì wá fi í ta gbogbo ènìyàn lọ́rẹ, ta ni ọpẹ́ tọ́ sí? Orúkọ ta ni ó yẹ kí ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn bá níbẹ̀?

Ìdí àwo ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Limoges jẹ́ ìlú kan ní àárín ilẹ̀ Faransé. Ní nǹkan bí ọdún 1768 ni wọ́n rí amọ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní kaolin ní Saint-Yrieix, tí kò jìnnà sí i. Àwọn ará Ṣáínà ti mọ iṣẹ́ tánganran láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú. Amọ̀ yìí gan-an ni àwọn Faransé ń wá kiri. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé ìyàwó oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Darnet ni ó kọ́kọ́ rí amọ̀ náà, tí ó sì rò pé yóò dára fún aṣọ fífọ̀. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ni ìtàn fi ń pè é títí di òní. Ní 1771, ilé iṣẹ́ tánganran àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Limoges. Ní 1842, David Haviland, oníṣòwò ará Amẹ́ríkà, kó wá síbẹ̀, ó sì ń fi àwo ránṣẹ́ sí ilẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ ni orúkọ ìlú náà ti di orúkọ àwo, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dé abẹ́ ibùsùn ìyá àgbà ní Kétu.

Ṣùgbọ́n ìlú kì í mọ àwo. Ènìyàn ni í mọ ọ́n. Ẹnì kan ni yóò lọ amọ̀ funfun pọ̀ mọ́ òkúta méjì tí a ń pè ní feldspath àti quartz; ẹlòmíràn ni yóò fún un ní ìrísí; ẹlòmíràn ni yóò kó o sínú ààrò, níbi tí ooru yóò ti dé nǹkan bí 1000 ìdiwọ̀n Celsius. Bí ó bá jáde, wọn yóò rì í bọ omi tí ń mú un dán, wọn yóò tún dá a padà sínú iná tí ó tó nǹkan bí 1400. Lẹ́yìn èyí ni àwọn tí ń ya òdòdó sí i lára yóò gbà á, àti àwọn tí ń fi wúrà yí etí rẹ̀ ká. Obìnrin ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn àgbà wa ní ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ní ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìdí ìkòkò nìkan ni í gbóná. Síbẹ̀, bí o bá yí àwo dé láti wo àmì abẹ́ rẹ̀, orúkọ olówó ilé iṣẹ́ ni wàá bá, tàbí orúkọ ìlú. Ọwọ́ tó ya òdòdó náà kò sí níbẹ̀.

Ní Limoges kan náà ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà tí ó ń jẹ́ orúkọ Adrien Dubouché. Wọ́n bí ọkùnrin yìí ní 1818. Ọlọ́rọ̀ ni, ó sì fẹ́ràn ìlú rẹ̀. Ní 1865 ó di olùdarí ilé náà láìgba owó oṣù. Ní 1875 ó fi owó ara rẹ̀ ra àkójọ Albert Jacquemart, iṣẹ́ amọ̀ 587 láti oríṣiríṣi ilẹ̀, ó sì fi gbogbo rẹ̀ ta ìlú lọ́rẹ. Ohun tó ń rò ni pé bí àwọn oníṣẹ́ Limoges bá ń rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn, ọwọ́ tiwọn náà yóò túbọ̀ já fáfá. Ìlú fi orúkọ rẹ̀ pe ilé náà. Ó kú ní 1881, ọdún tí ilé náà di ti ìjọba orílẹ̀-èdè. Iṣẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ Limoges fúnra wọn kún inú rẹ̀ lónìí, láti ìgbà àkọ́kọ́ títí dé ìgbà tiwa.

Nígbà tí mo ka ìtàn Dubouché tán, mo yọ̀, mo rò pé mo ti rí àpẹẹrẹ tí n ó fi kọ ìwé mi. Ojú ewé tó tẹ̀ lé e ló dá mi dúró. Ní oṣù kẹrin ọdún 1905, àwọn òṣìṣẹ́ tánganran Limoges wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì. Ara ohun tó fà á ni alábòójútó kan tí àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀sùn kàn pé ó ń lo ipò rẹ̀ láti fi ìwà àìtọ́ lọ àwọn obìnrin abẹ́ rẹ̀. Àwọn olówó ti ilé iṣẹ́ pa, ìjọba kó ọmọ ogun wá sí ìlú. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, àwọn ọmọ ogun yìnbọn, wọ́n sì pa ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ tánganran. Camille Vardelle ni orúkọ rẹ̀.

Mo wá jókòó ti orúkọ méjèèjì, Dubouché àti Vardelle. Ẹni àkọ́kọ́ fi ohun tó rà tọrẹ. Ẹni kejì wà lára àwọn tí wọ́n fi ẹ̀mí wọn ṣe ohun tí à ń rà. Èwo nínú wọn ni ó fún Limoges ní tánganran?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò dá mi lóhùn kíákíá. Yóò ní: òṣìṣẹ́ gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀. Ẹni tó ta nǹkan kò ní í lára mọ́. Yóò sì tún ní: bí kò bá sí ẹni tó kó nǹkan jọ, kí ni ì bá kù? Amọ̀kòkò fúnra rẹ̀ kì í tọ́jú ìkòkò. Ó ń mọ ọ́n kí wọ́n lè rà á ni. Ọlọ́jà kì í tọ́jú ọjà. Ẹni tó ń jẹun nínú àwo yóò fọ́ ọ níjọ́ kan. Olùkójọ nìkan ni ó dúró láàárín àwo àti ààtàn. Ó ra ohun tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, ó nu ún, ó tò ó, ó kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, nígbà tó sì dàgbà, kò tà á. Ó fi í fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni à ń bá wí?

Òótọ́ pọ̀ nínú èsì yìí, n kò sì ní fojú di í. Ẹni tó bá ti rí bí ohun àtijọ́ ṣe ń parẹ́ láàárín wa, bí ọmọ ṣe ń ta ilẹ̀kùn gbígbẹ́ bàbá rẹ̀ fún oníṣòwò, yóò mọ̀ pé olùkójọ tó fi nǹkan rẹ̀ sílẹ̀ fún ìlú ṣe ohun ńlá. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ ń san àsìkò ọwọ́ ni. Kò ra orúkọ. Onílù gba owó ní ibi ìyàwó, síbẹ̀ bí ìlù náà bá dùn, a ó bèèrè ọmọ ẹni tó ń lù ú. Ẹni tó san owó onílù kò lè jáde lọ́la kí ó ní òun ni òun lu ìlù. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ìlù tí ń lọ pẹ̀lú afẹ́fẹ́, báwo ni yóò ṣe rí fún àwo tí ń gbé ọgọ́rùn-ún ọdún?

Ọ̀rọ̀ kejì wà tí èsì yẹn kò kàn. Ẹni tó fi nǹkan tọrẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní in. Àwa tí a wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kò lè gbàgbé èyí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Faransé tí Alfred Dodds ṣáájú wọ Agbómẹ̀. Wọ́n kó ohun ìní ààfin. Ní 1893 àti 1895, Dodds fi díẹ̀ nínú wọn fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Trocadéro ní Párísì, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé ọrẹ ni. Ọrẹ Dodds! Ó tó ọgọ́fà ọdún ó lé kí àwọn nǹkan 26 nínú wọn tó padà dé Kútọ̀nù, ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 2021. Lára wọn ni àwọn ilẹ̀kùn ààfin tí a gbà pé Sossa Dede ni ó gbẹ́ wọn. Ẹ kíyè sí i: orúkọ ẹni tó kó wọn lọ wà nínú ìwé láti ọjọ́ kìíní, nígbà tí ó jẹ́ pé orúkọ ẹni tó gbẹ́ wọn ni àwọn onímọ̀ ní láti máa wá.

Kí àwa ará Kétu má sì tíì máa yan. Àwọn ọmọ ogun Agbómẹ̀ fúnra wọn ni wọ́n fọ́ Kétu ní 1886, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú. Ẹni tí a jà lólè lónìí lè jẹ́ ẹni tó ja ẹlòmíràn lólè lánàá. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìbéèrè "báwo ni ó ṣe dé ọwọ́ rẹ" tọ́ sí gbogbo olùtọrẹ, òyìnbó tàbí ènìyàn dúdú, ọba tàbí ìyá àgbà tiwa.

Ibi tí mo dé nìyẹn nígbà tí mo lọ bá Tàǹtí pé kí ó tún ìtàn àwo náà sọ fún mi dáadáa. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀bùn kọ́." Ó ní oṣù mẹ́ta ni ọ̀gá náà jẹ bàbá àgbà lówó nígbà tó ń lọ. Ó sọ pé òun kò ní owó lọ́wọ́, ó sì nawọ́ sí àwo. Bàbá àgbà gbé wọn sórí, ó wá sílé. Ìyá àgbà sunkún lọ́jọ́ náà, nítorí gbèsè wà nílẹ̀ tí owó oṣù mẹ́ta yẹn ì bá san. Láti ọjọ́ náà, wọ́n kò jẹun nínú wọn rí. Nígbà tí àwọn ọmọ ń bèèrè, ó sọ fún wọn pé ẹ̀bùn ni, nítorí pé ẹ̀bùn rọrùn láti bá gbé ju ìyànjẹ lọ.

Mo ní, "Tàǹtí, ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?" Ó ní rárá. Ó ní kí n má tú àṣírí òkú. Ó ní ta ló fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ìwé máa kà pé wọ́n yan bàbá òun jẹ? N kò bá a jiyàn lọ́jọ́ náà. Mo padà sílé, mo ń rò ó pé bóyá òtítọ́ ní àkókò tirẹ̀, àti pé bóyá olùkọ́ kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ìtìjú ẹlòmíràn kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́.

Ohun tó tún mi ní èrò ni ìtàn kan tí gbogbo wa mọ̀ láti inú Ifá, ìtàn Àjàlá, amọ̀kòkò ọ̀run tí ń mọ orí. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta lọ yan orí kí wọ́n tó wá sáyé. Méjì kò dúró. Wọ́n mú orí tó wù wọ́n lójú, orí náà kò sì jinná dáadáa, òjò pa á, ó ṣá. Ẹnì kẹta, Àfùwàpẹ́, bá olówó kan nílé Àjàlá tó ń sin gbèsè, Àjàlá fúnra rẹ̀ sì ti sá pamọ́ sókè àjà. Àfùwàpẹ́ san gbèsè náà. Nígbà náà ni amọ̀kòkò sọ̀ kalẹ̀, tí ó bá a yan orí tó jinná. Mo ti ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ àyànmọ́. N kò tíì rò ó rí pé ọ̀rọ̀ amọ̀kòkò ni pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ mú ìkòkò rere kúrò nílé amọ̀kòkò, kí ó kọ́kọ́ bèèrè gbèsè tó wà nílẹ̀. Àwọn méjì yòókù kò jalè. Wọ́n kàn ń wo ẹwà ni, wọn kò bèèrè.

Gbèsè méjì ló wà lára àwo wa. Ọ̀kan wà lọ́rùn àwọn tó jẹ́ kí orúkọ àwọn tó ya òdòdó náà nù. Èkejì wà lọ́rùn ọ̀gá tó lọ láìsan owó. Àwa kò lè san èyíkéyìí nínú wọn. Ṣùgbọ́n a lè sọ pé wọ́n wà. Bí a bá kọ "ẹ̀bùn" síbẹ̀, àwa ni a ó ti fi ọwọ́ ara wa pa gbèsè náà rẹ́ fún ẹni tó jẹ ẹ́, ọmọ tó bá sì kà á yóò lọ sílé pẹ̀lú èrò pé inú rere ni ó gbé àwo dé Kétu.

Ó ku àmù. "Irú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà." Mo tún gbólóhùn yìí rò. Ní 1905, irú àwo Limoges pọ̀ lọ́jà. Nítorí pé ó pọ̀ ni òyìnbó ìjọba fi lè kó o wá sí Àjàṣẹ́. Ohun tó pọ̀ lónìí ni yóò ṣọ̀wọ́n lọ́la, pàápàá ní ayé tí ike ti gba ipò àmù ní ilé púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ inú rẹ̀ kò kéré. Amọ̀kòkò wa kì í lo ẹ̀rọ tí ń yí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń yí ìkòkò po, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbé ògiri amọ̀ ga díẹ̀díẹ̀ títí tí ẹnu yóò fi pàdé láìwọ́. Igi àti koríko gbígbẹ lórí ilẹ̀ gbalasa ni ààrò rẹ̀. Kò ní ohun tí a fi ń díwọ̀n ooru. Ojú rẹ̀ ni.

Èmi àti Tàǹtí lọ sí agboolé tí àmù náà ti wá. Wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n sọ fún wa pé òótọ́ ni, àwọn ìyá ibẹ̀ mọ ìkòkò nígbà kan, kò sí ẹni tó ń mọ ọ́n mọ́. A bèèrè ta ni ó mọ àmù ńlá fún ilé wa. Wọ́n dárúkọ mẹ́ta, wọ́n jiyàn, wọ́n sì gbà níkẹyìn pé àwọn kò mọ̀. Lójú ọ̀nà bí a ṣe ń bọ̀, Tàǹtí dákẹ́ lọ títí. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Bí a kò bá kọ ti bàbá mi, bẹ́ẹ̀ náà ni wọn yóò ṣe máa jiyàn lórí rẹ̀."

Èyí ni mo gbà nísinsin yìí, kí ẹni tó bá ní èrò mìíràn sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwé yìí. Ọpẹ́ tọ́ sí ẹni tó tọrẹ, a kò gbọ́dọ̀ fi í du ú. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba gbogbo ojú ìwé. Ọrẹ tí a kò bèèrè bí a ṣe rí i lè jẹ́ olè tó wẹ̀. Ọrẹ tí kò sọ̀rọ̀ oníṣẹ́ ń kọ́ ọmọ pé ríra ju ṣíṣe lọ. Bí a kò bá sì mọ orúkọ oníṣẹ́, kí a kọ ọ́ pé a kò mọ̀ ọ́n, nítorí àyè tí a fi sílẹ̀ lè mú kí ẹnìkan tún wá a.

Ẹbí ti pinnu. Bí wọn yóò bá gba àwo, kí wọ́n gba àmù. Bí wọn kò bá gba àmù, kí wọ́n jẹ́ kí àwo náà dúró sílé. A ti fi ìwé ránṣẹ́, a ń retí èsì. Ohun tí mo kọ fún ẹ̀gbẹ́ àmù nìyí: "Obìnrin amọ̀kòkò kan ní Kétu ni ó mọ ọ́n. Ọwọ́ wa ni orúkọ rẹ̀ ti sọnù, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀." Fún ẹ̀gbẹ́ àwo, mo kọ ọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan ní Limoges, lọ́kùnrin lóbìnrin, ni wọ́n ṣe wọ́n, pé bàbá àgbà wa, tó ń dáná ní Àjàṣẹ́, gbà wọ́n dípò owó oṣù mẹ́ta, àti pé ìyàwó rẹ̀ ni ó tọ́jú wọn títí ó fi kú.

Mo kà á sí Tàǹtí létí kí n tó fi ránṣẹ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó mi orí. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n ó ku ohun kan tí n kò kọ: kí n fi kún un pé ọwọ́ bàbá òun dùn nídìí ọbẹ̀. Mo ti fi kún un.